Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Orí Kí A Tó Dáná

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wa ti Akúrẹ́ àti Oǹdó sọ, lórí ìrìn àjò ìgbafẹ́ àwọn ọmọ òrukàn àti ìnáwó inú ẹbí)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa Alàájà, ẹ̀yin ará Oǹdó tí ẹ ti kọjá Òwenà kí oòrùn tó yọ nítorí ìpàdé yìí, mo kí yín kú ìrìn.

Alága wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe ṣètò ìrìn àjò ìgbafẹ́ àwọn ọmọ òrukàn lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, kí n sì fi ọ̀rọ̀ ìnáwó ẹbí lé e, nítorí pé ohun kan náà ni ó ń fa wàhálà nínú méjèèjì. Èmi náà gbà pé ohun kan náà ni. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìsọmọlórúkọ rí, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tó rí oorun sùn, mọ ohun tí mò ń sọ. A máa ń dá alásè lẹ́bi, a máa ń dá dírẹ́bà lẹ́bi, a tilẹ̀ máa ń dá òjò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dáwọ́ lé ìnáwó láìmọ iye ènìyàn tí à ń ṣe é fún. Ẹni tí kò mọ iye orí kò lè mọ iye ìrẹsì, kò lè mọ iye ọkọ̀, kò lè mọ iye owó, bí ẹnì kan bá sì sọnù, kò ní tètè mọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò kan àbá kan tí ó wà nílẹ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a kéde ìrìn àjò ti ọdún yìí lórí rédíò àti ní gbogbo mọ́sálásí Akúrẹ́, kí gbogbo ọmọ tí ó bá fẹ́ wá máa bọ̀. Wọ́n ní bí oore bá ṣe pọ̀ tó ni láádá rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Èrò rere ni, ọkàn rere ni ó sì ti wá. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ níhìn-ín, lójú gbogbo yín, kí ó má di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá òpin ọdún ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School, Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ti ṣèlérí ẹ̀bùn. Ẹ rántí bí ebi ṣe wà nílùú nígbà náà. Àwọn òbí ti kó ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n ń ti ara wọn, àwọn ọmọ ṣubú, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ọmọ 35 ni àwọn ọlọ́pàá sọ pé ó kú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ mú jáde lọ ṣeré ni o, kì í ṣe ogun. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Àbújá àti ní ìlú Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ níbi tí a bá ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, olówó kan ń pín sàká nílé rẹ̀ ní ìlú Pasuruan ní orílẹ̀-èdè Indonesia. Obìnrin 21 ni ó kú sí àárín èrò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà tí Ràmàdáánì ń parí lọ, wọ́n ń pín owó fún àwọn aláìní nínú ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sana'a, olú-ìlú Yemen, ènìyàn tí ó lé ní 70 ni ó kú. Àwọn tí Ọlọ́hun ní kí a fi owó wa gbé ró ni owó náà pa.

Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àwọn tí ó ni ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ibi gbogbo ni wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn láìmọ iye ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Bí a bá kéde lórí rédíò ní Akúrẹ́ pé kí ọmọ máa bọ̀, ẹ má ṣe tàn ara yín jẹ pé 200 ni yóò wá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí yóò wá. Bí 1,000 bá sì dé, ta ni nínú wa tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láti sọ fún opó kan tí ó gbé ọmọ mẹ́ta wá pé kí ó máa padà sílé?

Nítorí náà, àbá tèmi ni pé kí ìrìn àjò yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹgbẹ́ nìkan. Àwọn tí a mọ orúkọ ìyá wọn, tí a mọ àdúgbò wọn, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti dé ilé wọn rí. Ní ti àwọn ọmọ yòókù, a kò ní gbàgbé wọn. A ó di ìrẹsì, epo àti ẹ̀wà sínú àpò, àwa ni a ó sì gbé e lọ bá wọn ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó ń kú sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ nítorí àpò ìrẹsì. Ó ń gba àkókò, òótọ́ ni, ó sì ń jẹ epo mọ́tò. Ṣùgbọ́n ojú opó kì í sì í tì í nílé ara rẹ̀ bí ó ṣe ń tì í lórí ìlà.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀.

Òkè Ìdànrè ni ìgbìmọ̀ mú. Àwọn kan dárúkọ Ìkógòsì ní Èkìtì, àwọn kan ní ká lọ wo omi tí ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ibi tó dára ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn fún ọmọ kékeré, ìrìn àlọ àti àbọ̀ ni yóò jẹ gbogbo ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti Akúrẹ́ sí Ìdànrè kò pé ọgbọ̀n kìlómítà. Àwọn ọmọ Oǹdó tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá sí Akúrẹ́ ná yóò ti rin nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà kí wọ́n tó bá wa, ìyẹn náà sì tó. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ọmọ lè rí kọ́ wà níbẹ̀. Ìlú àtijọ́ ni ó wà lórí òkè náà, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọn baba ńlá ará Ìdànrè ti gbé orí àpáta yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí wọ́n wà báyìí. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó tí kò tíì fojú rí i pọ̀ jọjọ, àgbàlagbà pàápàá.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ẹni tí ó bá ti gùn ún rí mọ̀ pé orúnkún ni ó máa ń sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, kí a lò wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ sáré ìje. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kò ní gùn ún. Ìsàlẹ̀ ni wọn yóò wà pẹ̀lú àwọn ìyá wa díẹ̀, a ó sì ṣètò eré àti ìdíje kíké Àlùkùránì fún wọn níbẹ̀. Bákan náà ni ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde tàbí ikọ́ efée. Làálàá àti òùngbẹ lè gbé àrùn fòníkú-fọ̀ládìde dìde sí ọmọ lára, mo sì mọ̀ pé a ní irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wa. Kí ìyá tàbí alágbàtọ́ sọ fún wa kí ọjọ́ tó pé, ní kọ̀rọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ pé ìdajì àtẹ̀gùn ni a ó ti mọ̀.

Lórí òkè, àgbàlagbà kan yóò máa mójú tó ọmọ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mẹ́fà yẹn ni yóò mọ̀ lórúkọ, kò sí ohun tí ó kàn án pẹ̀lú keje. A ó ka orí nígbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀, a ó tún kà á ní ìsàlẹ̀ òkè, lórí òkè, lẹ́yìn ìrun Àyìlá, àti kí ọkọ̀ tó ṣí padà. Kí orúkọ wà lórí ìwé, ẹ̀dà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń darí. Fóònù dára, ṣùgbọ́n bátìrì a máa kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ aṣọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn aṣọ àwọn ọmọ pé ọmọ òrukàn ni wọ́n, tí wọ́n wá ń rìn kiri láàárín ọjà bí ẹni tí ó gbé àkọlé kọ́rùn. Kí ni ọmọ ṣe? Ohun tí à ń fẹ́ ni kí a lè dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Fìlà aláwọ̀ kan náà àti ìbòrí aláwọ̀ kan náà ti tó. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ lè ya ara wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibi tí owó rẹ̀ lọ, ìwé ìṣirò akápò wà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọmọ tí ó ń jẹun kì í ṣe ẹ̀rí owó.

Nípa ọkọ̀, ìjókòó kan, ọmọ kan. Mo mọ ohun tí a máa ń sọ, pé ọmọdé ni wọ́n, ẹ fún wọn pọ̀. Bọ́ọ̀sì elérò 18, ènìyàn 18 ni yóò gbé, àgbàlagbà inú rẹ̀ wà nínú 18 yẹn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ni ó ń gba apá tí ó pọ̀ jù lọ nínú ètò ìnáwó wa, ìdí nìyẹn tí ó fi ń wu ènìyàn láti fún ọmọ pọ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó bá gbé ọmọ 60, kí á kó ọmọ 60, kí àwọn yòókù lọ ní ọdún tí ó ń bọ̀, kí á sì sọ fún wọn báyìí pé ti ọ̀dọ̀ wọn ni ọdún tí ó ń bọ̀. Ìdajì owó ni kí a san fún ọlọ́kọ̀ nígbà tí a bá bá a dúnàádúrà, ìdajì yòókù di ìgbà tí a bá padà dé. Ọlọ́kọ̀ kan tí ó gba owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ wa nígbà kan rí, aago mọ́kànlá ni ó tó yọjú, aago mẹ́jọ ni a jọ ṣe àdéhùn.

Ọjọ́ wo ni a ó lọ? Ibí yìí ni àwa Mùsùlùmí ti ní ìṣòro tí àwọn ẹlòmíràn kò ní, nítorí pé ojú ọ̀run ni kàlẹ́ńdà wa wà. Ààwẹ̀ lè jẹ́ 29, ó lè jẹ́ 30. Ẹ rántí ọdún 2024. Ìjọba ti kéde ìsinmi ọdún fún ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin. Wọn kò rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, Sultan Sókótó kéde pé Ọjọ́rú ọjọ́ kẹwàá ni ọdún, ìjọba tún ní láti fi ọjọ́ kọkànlá kún ìsinmi. Ẹni tí ó ti gba ọkọ̀ tàbí tí ó ti sè sílẹ̀ fún ọjọ́ kẹsàn-án mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nítorí náà, a kò ní fi ìrìn àjò sí ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ìsinmi ọdún bá ti parí ni. Bí oṣù ṣe wù kí ó yọ, Sátidé kò ní sálọ. Àti pé àwọn ọmọ pẹ̀lú yóò ti jẹ ọdún nílé wọn pẹ̀lú ìyá wọn, èyí tí ó tọ́ sí wọn.

Ẹ tún mọ̀ pé ọdún wa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ètò tí ó bá dára fún ọdún yìí lè bọ́ sínú òjò lọ́dún mìíràn, àpáta tí òjò rọ̀ sí sì máa ń yọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a gùn ún. Bí òjò bá ṣú, a kò ní gùn ún mọ́, a ó wà ní ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn nípa rẹ̀.

Ta ni yóò sọ pé òjò ti ṣú? Ẹnì kan ṣoṣo. Ànábì wa ti kọ́ wa pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń rìnrìn àjò, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe olórí. Mẹ́ta péré o! Àwa tí a lé ní 70, tí gbogbo wa jẹ́ Alàájì àti Alàájà, tí olúkúlùkù ń pàṣẹ fún dírẹ́bà, ńkọ́? A ó jíròrò nísinsin yìí, a ó fa ọ̀rọ̀ ya bí a bá fẹ́, ìyẹn ni Ṣúrà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ẹni tí a bá yàn ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ ni. Alága wa ti gbà fún mi pé òun náà yóò tẹ̀ lé e.

Oúnjẹ kò le. Kí a má sè ìrẹsì lálẹ́ ká sì dé e pa gbígbóná sínú kúlà di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó máa ń kan, inú rírun ló sì ń fà. Lẹ́yìn ìrun Súbúhì ni kí a sè é, tàbí kí a kó búrẹ́dì, ẹyin sísè àti ọsàn dání, kí oúnjẹ gbígbóná máa dúró dè wọ́n ní Akúrẹ́ nígbà tí wọ́n bá padà dé. Omi ni kí ó pọ̀.

Lórí owó, mo fẹ́ kí àwọn olùrànlọ́wọ́ wa gbọ́ eléyìí yékéyéké. Kọ́bọ̀ kan nínú owó sàká kò gbọdọ̀ wọ inú ìrìn àjò yìí. Ọ̀nà mẹ́jọ ni Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún sàká ní áyà ọgọ́ta nínú Súrátù Taobá. Kò dárúkọ ọmọ òrukàn lọ́tọ̀ níbẹ̀. Ọmọ òrukàn tí ó jẹ́ aláìní ni ó wọ ibẹ̀, nítorí àìní rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti owó ilé ìwé rẹ̀ ni a sì ń fi sàká ṣe. Owó bọ́ọ̀sì àwa àgbàlagbà, owó fìlà àti owó ìwọlé, sàráà ni kí a fi ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran ìrìn àjò yìí lọ́wọ́, kí ó sọ fún akápò pé sàráà ni, kí a kọ ọ́ sí ìwé tirẹ̀. Bí owó sàráà kò bá tó, kí ìrìn àjò kéré. Kò sí èèwọ̀ nínú kí ìrìn àjò kéré.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé wa lọ.

Ẹnì kan tí mo mọ̀ ní Oǹdó bí ọmọ. Ó pe ènìyàn 80. Ìyá rẹ̀ pe ẹgbẹ́ tirẹ̀, àna rẹ̀ pe mọ́sálásí tiwọn, aládùúgbò pe aládùúgbò, ènìyàn bí 300 ni ó jókòó. Ó sáré lọ yá owó ní àjọ àjẹsẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ọmọ náà ti ń rìn kí ó tó san owó náà tán. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín jù, ó pọ̀ nínú wa tí ó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀sìn béèrè gan-an. Àkíkà ni: ẹran méjì fún ọmọkùnrin, ẹran kan fún ọmọbìnrin, ní ọjọ́ keje. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé ẹni tí kò bá ní ọ̀nà ní ọjọ́ keje lè ṣe é ní ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹni tí kò ní rárá, Ọlọ́hun kò di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí. Kánópì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn ìrántí tí a kọ orúkọ ọmọ sí lára abọ́ kò sí nínú rẹ̀. Aṣọ ẹbí kò sí nínú rẹ̀, n kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa aṣọ ẹbí nítorí pé àwọn ìyá wa ń wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìgbéyàwó kan. Nígbà tí Ànábì ń bọ̀ láti Kháíbárì, ní ọdún keje Híjírà, ojú ọ̀nà ni ó ti gbé Sọ́fíyà níyàwó. Ìrìn àjò ni wọ́n wà. Wọ́n tẹ́ awọ sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ní nǹkan gbé e wá. Ẹni kan gbé dàbínù wá, ẹni kan gbé bọ́tà, ẹni kan gbé wàrà gbígbẹ, wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Wàlímà Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nìyẹn, kò sí ẹran níbẹ̀. Bí a bá ṣe irú èyí ní Ìjọ̀mù tàbí ní Yaba lónìí, wọn á ní owó ti tán lọ́wọ́ bàbá ìyàwó.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn obìnrin wa. Alàájà kan sọ fún mi pé láti ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń bá wọn ṣe ìnáwó nílé ọkọ òun, òun kò tíì gbọ́ wáàsí kan parí rí. Ìdí ìkòkò ni òun máa ń wà. Láti alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti ń gé àlùbọ́sà, Sátidé ni ìnáwó, alẹ́ Sánńdè ni wọ́n tó fọ abọ́ tán. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ tí ilé kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí kò lè gbé ìkòkò kan wá láti ilé? Ilé kan gbé ìrẹsì, ilé kan gbé mọ́ínmọ́ín, ilé kan gbé omi. Bí ẹbí bá jẹ́ ilé mẹ́wàá, tí olúkúlùkù gbé oúnjẹ ènìyàn mẹ́jọ wá, ènìyàn 80 ti jẹun, kò sí ẹni tí ó sùn sídìí iná. Bí a bá sì fẹ́ gba alásè, kí á gba alásè, kí á sanwó fún un, kí á má fi ìyàwó ilé ṣe alásè ọ̀fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ Iléyá bá sì dé, ènìyàn méje lè dá owó ra màlúù kan ṣoṣo pa fún ọdún. Ó tọ́ nínú ẹ̀sìn. Ó sàn ju kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò méje máa yá owó ra àgbò méje nítorí ojú ayé. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Iye ènìyàn náà ni mo tún ń padà sí. Kí bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Kí wọ́n fún ìyá bàbá ní iye tirẹ̀, àna ní iye tiwọn: ẹ̀yin lè pe 15, ẹ̀yin lè pe 15. Àgbà kì í bínú bí a bá sọ fún un ní àkókò. Ọjọ́ tí ó ku ọ̀la ni wọ́n máa ń bínú, wọ́n sì jàre. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí máa dáhùn ìbéèrè, kí ó má jẹ́ pé bàbá ń sọ aago mẹ́wàá, àbúrò rẹ̀ ń kọ aago mẹ́sàn-án sórí WhatsApp.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ. Kí orúkọ àwọn ọmọ tí yóò lọ sí Ìdànrè dé ọwọ́ mi kí Ràmàdáánì tó wọlé, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti orúkọ ẹni tí yóò wá gbà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ bá padà dé. Àwọn ará Oǹdó, akọ̀wé ẹ̀ka yín ni ẹ ó kó tiyín fún. A kò ní já ọmọ kankan sílẹ̀ lójú títì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú bá àwọn ọmọ Oǹdó ní Akúrẹ́, níhìn-ín ni wọn yóò sùn, kí wọ́n má gba ọ̀nà Òwenà lóru. Mo nílò ilé mẹ́rin ní Akúrẹ́ tí ó lè gba ọmọ márùn-ún márùn-ún mọ́jú bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ní àyè kí ó rí mi lẹ́yìn àdúà.

Àsàlámù aleykum wàráhmátúlọ́ọ̀hì wàbàrákátúhù.